Ohun Tí Bàbá Mi Gbé Kiri Láìmọ̀

Ní Ondarroa, àwọn obìnrin ń tún àwọ̀n ṣe ní èbúté,
ọwọ́ wọn ń bẹ lára okùn, etí wọn ń bẹ lára ọmọ aráyé.
Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́
pé èmi Oihane kì í ṣe ọmọ Beñat.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà.
Mo fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nínú ọkọ̀ funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì,
wọ́n fún mi ní bisikíìtì àti káàdì:
O, Rh nẹ́gétíìfù.
Mo gbé e wálé tayọ̀tayọ̀.
Bàbá mi yọ tirẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì: pọ́sítíìfù.
Ti màmá mi wà lára fìríìjì: pọ́sítíìfù.
Josune àbúrò màmá mi, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn,
ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè.
Kí oòrùn tó wọ̀, èbúté ti gbọ́.

Bàbá mi kò sọ nǹkan kan.
Ó lọ sójú òkun fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún,
ó dé, ó jẹun, ó sùn lórí àga.
Màmá mi ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ìyá bàbá mi, Kontxesi, ló ní kí n wọ bàtà.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ń gun òkè níwájú mi
títí a fi dé ibi òkúta kékeré kan ní itẹ́ òkú:
Txomin. Libe. Orúkọ kẹta kò sí.

“Bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ bí, ó ń ké bí ẹyẹ òkun.
Èyí tó tẹ̀lé e pọ́n bí ìyeyè, títí dé ẹyinjú.
Libe pọ́n jù ú lọ.
Ìkẹyìn kò tilẹ̀ ké.
Àlùfáà ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni.
Ìyá ọkọ mi ní wàrà mi ló burú.
Ó pẹ́ kí dókítà kan tó là á yé mi:
èmi ò ní àmì, ọkọ mi ní i, àwọn ọmọ mú ti bàbá wọn.
Ara àkọ́bí ni ẹ̀jẹ̀ mi ti kọ́ ìjà;
àwọn tó tẹ̀lé e ló jà á fún.”

Ó yọ ìkarahun nínú àpò, dúdú àti funfun,
ó tò wọ́n sórí òkúta.
“Méjì méjì ni kálukú ń gbé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá.
Dúdú ń sọ̀rọ̀. Funfun ń dákẹ́.
Bí dúdú bá jókòó ti funfun, dúdú nìkan lẹ ó gbọ́.
Funfun méjì ni tèmi.
Kí ni mo wá fẹ́ fún bàbá rẹ?
Ohun tí mo ní ni mo fún un.
Ìyá rẹ náà gbé funfun kan; ta ló mọ ẹni tó kì í bọ̀ ọ́ lápò?
Bí irú àwọn méjèèjì bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni
pé funfun á bá funfun pàdé.
Ìwọ nìyẹn.”

Lálẹ́, ó da ìkarahun náà sórí tábìlì níwájú ọmọ rẹ̀,
ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, ó dárúkọ Libe.
Bàbá mi mú funfun kan, ó yí i títí.
Kò tọrọ àforíjì, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.
Ó dìde, ó gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ màmá mi,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu abọ́.

Lónìí, oyún inú mi pé ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n.
Pọ́sítíìfù ni Ekaitz ọkọ mi.
Wọ́n fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà kọ́ ìjà.
Nọ́ọ̀sì ní kí n wo ojú fèrèsé.
Rárá o, abẹ́rẹ́ ni mo wò.
Ó yẹ kí ẹnìkan wò ó fún Libe.